Ṣé ìdíje Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́tì ran àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́wọ́?

Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì pa wọ́n lára. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú ni Sófíẹ́tì, ìjọba Kọ́múníìsì tí Rọ́ṣíà léwájú, fi ń bú Amẹ́ríkà káàkiri ayé. Nínú ẹjọ́ Brown, tí wọ́n pè láti ta ko yíya ọmọ dúdú àti funfun sọ́tọ̀ nílé ìwé, ìjọba Ààrẹ Truman kọ̀wé sí àwọn adájọ́ ní 1952 pé ìyàsọ́tọ̀ ń fún àwọn Kọ́múníìsì lóhun ìpolongo. Ní 1954, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fòfin de ìyàsọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba.

Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú tó bá pariwo ìyà yìí jù, Kọ́múníìsì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà Paul Robeson, akọrin ńlá nì, ní 1950. 1958 ló tó rí i gbà. Ìwà ìkà gbáà ni! Ní 1952, nítorí wọn kò jẹ́ kó kúrò ní Amẹ́ríkà, orí ọkọ̀ akẹ́rù létí ẹnubodè ló ti kọrin sí àwọn ará Kánádà.