Ṣé fíìmù King of Boys ni Sola Sobowale fi bẹ̀rẹ̀ eré ṣíṣe?

Ọmọ Ifẹ̀ kan ní Lágere ló béèrè. Rárá o, ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Kí King of Boys tó jáde ní 2018, àwọn tó ń wo Super Story lórí tẹlifíṣọ̀n ti mọ̀ ọ́n sí Toyin Tomato. Àwọn ìyá àdúgbò wa n'Ífẹ̀ ṣì ń fi orúkọ yẹn pè é. Ní 2016, òun ló ṣe ìyá ìyàwó nínú The Wedding Party.

Lójú tèmi, ohùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ló ń gbé e yọ: ó lè rẹ́rìn-ín, kó sì yí i sí ìbínú kí o tó ṣẹ́jú. Ìyẹn ló mú Ẹniọlá Salami, alágbára obìnrin inú King of Boys, bani lẹ́rù bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹjọ 2021 ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀ jáde lórí Netflix, apá 7, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì wò ó lórí fóònù wọn.

Bí ìwọ náà bá fẹ́ ṣeré, ẹ̀ka eré oníṣe wà ní OAU nítòsí rẹ. Ifẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé eré Ola Rotimi ti dá ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun sílẹ̀ ní 1968.