Kí ló dé tí ife tí mo fi ọ̀dà yà fi dà bíi pé ó ń léfòó lórí tábìlì?

Òjìji ni. Níbi tí ìdí ife ti kan tábìlì gan-an, ìlà tín-ín-rín kan wà tó ṣókùnkùn ju òjìji yòókù lọ. Bí o bá fo ìyẹn, ife ò ní jókòó. Bó ṣe ń jìnnà sí ife ni òjìji ń fẹ́lẹ́. Tan àtùpà kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pa ojú dé díẹ̀ kí o fi wò ó. Má lo ọ̀dà dúdú lásán o; àwọ̀ tábìlì ni kí o mú ṣókùnkùn. Giorgio Morandi ará Ítálì (1890–1964) ya ìgò àti ife léraléra. Ó tiẹ̀ ń fi ọ̀dà kun àwọn ìgò mìíràn kí wọ́n má baà máa dán.