Ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán: ẹranko wo ni òwe yìí ń sọ?

Ẹnìkan béèrè pé ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ni ìjàkùmọ̀ inú òwe tó ní "Ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rin òru." Rárá o. Ológbò igbó ni ìjàkùmọ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò tilẹ̀ lè gba òwe yẹn dúró. Lóko tiwa, irú ẹranko bíi mélòó kan là ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, onírù gígùn, tí ẹnu wọn ṣe ṣóńṣó. Ọ̀kan wà nínú wọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìparí ìrù rẹ̀ dúdú, ọ̀sán gangan ló ń sáré dá ọ̀nà kọjá. Àwọn mìíràn ń kó ara wọn rìn, wọ́n ń fi imú tú ewé gbígbẹ, ọ̀sán náà ni.

Èyí tó fẹ́ràn òru nínú wọn ni ti etí odò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Atilax paludinosus. Ara rẹ̀ dúdú, ó lè wọn kílò 3, ìgbà tílẹ̀ bá ń ṣú ló ń jáde. Bàbá mi fi ipa rẹ̀ hàn mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: ìka tó yà gedegbe nínú ẹrẹ̀, àti ìgbẹ́ tí èèpo akàn kún inú rẹ̀. Kò sí awọ láàárín ìka wọ̀nyẹn, àwọn ìka náà ló fi ń tú abẹ́ òkúta wò nínú omi, bí ẹni ń wá owó nísàlẹ̀ àpò. Ìgbín tàbí ẹyin tó bá le, á gbé e sókè, á là á mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ń bú ìjàkùmọ̀. Èmi ò gbà. Ẹran ìgbẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé mọ àsìkò tirẹ̀. Kí wá ni ti ẹni a bí ire? "Rin òru" kì í sì í ṣe ìrìn alẹ́ lásán. Ọdẹ ń rin òru, agbẹ̀bí tí wọ́n wá pè ń rin òru, kò sẹ́ni tó máa pòwé yìí fún wọn. Ìrìn téèyàn ò lè sọ ìdí rẹ̀ lójú mọmọ ni.

Màmá mi kì í pa òwe yìí tán. Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá wọlé ní aago 2 òru, á ṣílẹ̀kùn, á ní "Ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán," á sì padà lọ sùn.