Kí ló dé tí a kì í ta kókó sórí belaying pin?

Ẹ béèrè ìdí tí ọ̀gá ọkọ̀ fi ní kí ẹ tú kókó tí ẹ ta sórí okùn tí ẹ wé mọ́ belaying pin (ọ̀pá kékeré tí a ki bọ ihò lára ọkọ̀, tí a máa ń wé okùn mọ́), nígbà tó jẹ́ pé irú kókó bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ta sórí cleat (ohun oníwo méjì tí a kàn mọ́ ọkọ̀ láti máa so okùn mọ́) nínú ọkọ̀ kékeré. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ onígbòkun ńlá ní etíkun England, mo sì fara mọ́ ohun tí ọ̀gá yín sọ.

Okùn á kọ́kọ́ gba abẹ́ pin kọjá, kí a tó máa wé e lókè àti nísàlẹ̀ bí òǹkà 8, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí ni wọ́n ń pè ní belay. Ìyípo àkọ́kọ́ tó gba abẹ́ pin yẹn ló ń gba agbára okùn náà. Bí ẹ bá fẹ́ dẹ̀ ẹ́, tí ẹ tú ti òkè, tí ẹ sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo lè rọra máa dẹ okùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn para pọ̀ fà, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ kí àtàǹpàkò rẹ̀ há sáàárín okùn àti igi.

Kókó ló ń ba gbogbo èyí jẹ́. Bí òjò bá pa okùn manila tàbí hemp, tí a fi fọ́nrán ewéko ṣe, á wú, á sì kúrú sí i, kókó tí ẹ rọra ta ní ọ̀sán á sì ti le koko kó tó di òru. Ìjì ká wa mọ́ ibi tí ẹnì kan ti ta kókó sórí halyard, ìyẹn okùn tí a fi ń fa ìgbòkun sókè. Marlinspike, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń tú kókó, ni a fi ń yọ ọ́, ìgbòkun sì ti ya kí a tó rí i sọ̀ kalẹ̀. Okùn polyester, tí í ṣe okùn oníke, kì í wú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, nítorí náà ìyípo kan sí i ni mo máa ń fi kún un.

Ní ti ìyókù okùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ká a láti ìdí pin lọ sí etí rẹ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, kí ó má baà lọ́ mọ́ra, kí ẹ sì fi kọ́ orí pin. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìgbòkun kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí ilẹ̀ ọkọ̀, kí apá tó sún mọ́ pin wà lókè, kí ó lè máa sá jáde láìdí.