Bùkátéríà wo ló yẹ kó gba àmì ẹ̀yẹ ìmọ́tótó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ àwa olóúnjẹ ní Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, fẹ́ máa fún bùkátéríà tó bá yege nínú àyẹ̀wò ìmọ́tótó ní ìwé-ẹ̀rí. Àmọ́ àríyànjiyàn ti wọ̀ ọ́: àwọn kan ní ẹni tó bá lẹ táìlì ló mọ́ jù. Kí la máa fi díwọ̀n?

ÌDÁHÙN: Ẹ pa ti táìlì tì. Ìrẹsì àná ló ń yọ oníbàárà lẹ́nu, kì í ṣe ògiri. Nílùú New York, tí wọ́n ti ń lẹ lẹ́tà sí ojú ìta ilé oúnjẹ láti 2010, àṣìṣe ni wọ́n ń fún ní àmì: àmì 0 sí 13 ló ń gba A, 14 sí 27 ń gba B, 28 sókè di C. Èyí tó lè tètè dá àìsàn sílẹ̀ ni àmì rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Tiyín lè jẹ́ àmì 100, tí ẹni tó bá ṣe dáadáa á gba púpọ̀: ìgbóná oúnjẹ 40, ọwọ́ òṣìṣẹ́ 25, yíya ẹran tútù sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ tó ti jinná 20, omi, eku àti aáyán 15.

Ẹ ra tẹmómítà oúnjẹ. Ẹ kọ́kọ́ tì í bọ omi tí yìnyín kún inú rẹ̀. Bí kò bá fi 0°C hàn, ẹ má gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í bọ àárín gbẹ̀gìrì, kó má kan ìdí ìkòkò. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 60°C lọ, torí láàárín 5 sí 60 ni kòkòrò àìfojúrí ti ń gbèrú. Kúlà ọ̀fadà tí wọ́n ń ṣí ní gbogbo ìgbà lẹ máa bá tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìrẹsì tó bá sùn sórí tábìlì ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí omi híhó kì í pa ẹyọ rẹ̀, tó sì ń tu májèlé sínú ìrẹsì náà mọ́jú. Gbígbé e kaná padà kò lè mú májèlé náà kúrò. Ẹni tó bá ń tà á, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Ní ti ọwọ́, ẹ wò bóyá ọṣẹ wà nídìí omi, àti bóyá ẹni tó ń gba owó náà ló tún ń bu ẹran.

Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ni kó ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kó lọ lẹ́ẹ̀mejì láìfi tó ẹnikẹ́ni létí, kó sì jẹ́ nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nígbà tí kúlà bá ti dé ìdajì. Ẹ má fi mọ sórí ẹnì kan ṣoṣo o, ìjà nìyẹn máa dá sílẹ̀; gbogbo ẹni tó bá gba 85 sókè ni kó gba ìwé-ẹ̀rí náà. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kó parí lóṣù mẹ́fà, tàbí kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe bí alásè bá yí padà. Ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n gbé e kọ́, níbi tí oníbàárà á ti rí i kó tó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.