Ọmọ Mi Ní NFL Lòun Ń Lọ, Bàbá Ẹ̀ Ti Fárígá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì kan níbí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n á máa kọlu ara wọn bí àgbò. Ọdún kẹta ló wà. Injiníà ló ń kọ́, ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá ó ṣàdédé wá bá mi pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀, òun á mú kọ́ọ̀sì tó fúyẹ́, àbí kóun kúrò nílé ìwé pátápátá, torí NFL, líìgì tó ga jù fún bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà, lòun ń lọ. Ọkùnrin kan tó ń fún wọn ní tírénìn tún ti ń bá wa sọ pé ká mú owó wá kó lè múra sílẹ̀ fún un, owó ọ̀hún ò sì kéré. Bàbá ẹ̀ ti fárígá, ó ní kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ àbí kó má pe òun ní bàbá mọ́. Látìgbà yẹn wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ gbé oúnjẹ bọ̀ láàárín wọn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọ̀nà wà àbí kò sí?
Ìyá Eléré, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ ní kí n sọ òótọ́, màá sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bínú sí mi.

Ọ̀nà wà, àmọ́ ó tín-ín-rín gan-an ni. Àwọn NCAA tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì máa ń ṣírò ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lábẹ́ wọn lé ní 70,000, bíi 16,000 nínú wọn ni àkókò draft máa ń tó fún lọ́dún kan. Draft yẹn, oṣù kẹrin ni, ẹgbẹ́ 32 tó wà ní NFL á wá máa mú ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀meje, lọ́dún 2025 ọmọ 257 péré ni wọ́n mú. Tẹ́ ẹ bá kó ọmọ 1,000 sórí pápá, gbogbo wọn taagun, gbogbo wọn ti jẹ́ ọ̀gá nílé ìwé girama wọn, bíi 16 ni wọ́n á pè nínú wọn. Àwọn yòókù, ilé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sunkún. Òǹkà yẹn kó gbogbo ayé pọ̀, ó kó ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Division III, níbi tí wọn kì í ti í fún èèyàn ní sikọ́láṣíìpù nítorí bọ́ọ̀lù, mọ́ ọmọ tó ń gbá a níwájú èèyàn 100,000 ní Michigan. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Nínú ọmọ 257 tí wọ́n mú ní 2025, 79 ló wá láti àwọn ilé ìwé tó wà nínú líìgì SEC, 71 wá láti líìgì Big Ten, ìyẹn ti di 150 láti inú líìgì méjì péré. Torí náà kẹ́ ẹ tó bi mí bóyá ọ̀nà wà, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè: inú líìgì wo ni ilé ìwé ẹ wà? Ṣé ìwọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé wọlé tí eré bá bẹ̀rẹ̀, àbí orí bẹ́ǹṣì lo máa ń wà? Ṣé àwọn sìkáòtù NFL, àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kiri, ti wá béèrè ẹ lọ́wọ́ kóòṣì? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló lágbára jù, torí àwọn sìkáòtù ò sùn, wọ́n ń káàkiri ilé ìwé látìgbà tí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo fídíò, wọ́n ń bi tíṣà àti dókítà eré léèrè ìwà ọmọ, tí ọmọ bá ti wà lọ́dún kẹta tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì tó ọ̀nà nìyẹn. Mi ò sọ pé kò lè tó o.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. NFL ò gba ọmọ tí kò bá tíì lo ọdún 3 lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwé girama, tiyín ti ń súnmọ́ ibẹ̀. Kó tó kúrò nílé ìwé, kóòṣì ẹ̀ lè bá a kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kan tí NFL fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀, College Advisory Committee ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wo eré ẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: wọ́n lè mú ọ ní yípo kìíní, wọ́n lè mú ọ ní yípo kejì, tàbí padà sílé ìwé. Kò sí ẹ̀dùn ọkàn ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ àjèjì tí kò mọ̀ yín rí ni. Tí ìdáhùn bá jẹ́ padà sílé ìwé, bàbá ẹ̀ ò ní láti jà mọ́.

Ẹ sì fi Olú Fáṣanú hàn án. Ọmọ wa ni, Olumuyiwa ni wọ́n sọ ọ́, Penn State ló ti gbá bọ́ọ̀lù. Kí draft 2023 tó dé ni wọ́n ti ń sọ pé wọ́n máa tètè mú un, ó ní rárá, òun á padà lọ lo ọdún kan sí i, ìwé ẹ̀ sì wà lára ohun tó mú un padà. New York Jets mú un ní 2024, òun ni ẹni kọkànlá nínú gbogbo wọn. Ọdún tó lò sí i yẹn ò pa á lára. Ẹ tún wo Olúṣẹ́gun Olúwatìmí, lọ́dún 2022 òun ló gba Rimington àti Outland, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún ọ̀gá nínú àwọn tó ń dènà níwájú, síbẹ̀ yípo karùn-ún ni Seattle tó mú un. Kéèyàn jẹ́ ọba ní yunifásítì ò túmọ̀ sí pé NFL á sáré sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára torí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, èmi àti ìyá ẹ̀ la jọ jókòó lọ́jọ́ Sátidé draft, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń ṣe yípo kẹrin dé ìkeje. Wọ́n ti se ìrẹsì, wọ́n ti pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù ọmọ náà wà lórí tábìlì, ó doríkodò, gbogbo wa ń ṣe bíi pé a ò wò ó. Yípo kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Nígbà tó fi máa di ìkeje, ìyá ẹ̀ ti wọ kíṣìnnì lọ, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Wọn ò pè é. Bí wọ́n ṣe parí draft báyìí, kò tó ogún ìṣẹ́jú, fóònù dún, ẹgbẹ́ méjì ló fẹ́ kó wá gbìyànjú, gbogbo ilé pariwo, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Ó lọ sí káǹpù. Èèyàn 90 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kó lọ síbẹ̀, àmọ́ tó bá fi máa di òpin oṣù kẹjọ 53 ló gbọ́dọ̀ kù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, 37 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ 32, ọmọ bíi 1,184 ni wọ́n ń yọ kúrò láàárín oṣù kan yẹn. Ó ní òwúrọ̀ ni ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn, ó ní kóòṣì ń pè ẹ́, gbé tablet ẹ dání. Inú tablet yẹn ni gbogbo ètò eré wà. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gbé e dání, ó ti mọ̀. Wọ́n mú un sí practice squad fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ ni èèyàn 16 tó ń bá wọn tírénìn wà láì jẹ́ ara 53, orúnkún ẹ̀ yẹ̀, ó tán. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ló kù fún un nílé ìwé nígbà tó kúrò ńbẹ̀, ọdún méjì gbáko ló kọjá kó tó lè padà lọ parí wọn, torí ojú ń tì í láti jókòó ti àwọn ọmọdé.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé ẹni tí wọn ò bá mú ti parí. Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, Indiana ló ti gbá bọ́ọ̀lù, orúnkún ló bá a jà lọ́dún tó kẹ́yìn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un ní draft 2000. Miami Dolphins ṣáà fún un láyè. Nígbà tó di 2003, ìgbà 15 ló gbá quarterback, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù, mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo AFC, ìyẹn ìdajì NFL, lọ́dún náà. Ẹ̀yin ará Houston náà ẹ mọ Dáre Ògúnbọ̀wálé, láìsí sikọ́láṣíìpù ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Wisconsin, kò sẹ́ni tó mú un ní 2017, ìgbà tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Texans, ẹgbẹ́ Houston yín, fara pa nínú eré wọn pẹ̀lú Tampa Bay ní oṣù kọkànlá 2023, òun tó jẹ́ pé gbígbé bọ́ọ̀lù sá ni iṣẹ́ ẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀ tó fẹsẹ̀ gbá a wọlé, 39 sí 37 ni wọ́n fi borí.

Lórí owó tí ọkùnrin yẹn ń béèrè, ẹ má san kọ́bọ̀. Iléeṣẹ́ aṣojú tó dáa tó rí i pé ọmọ yín á wọlé, òun ló máa ń san owó tírénìn fún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń bi, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọjà. Kò sì yẹ kí ọmọ yín máa sáré torí owó mọ́, látọdún 2021 ni wọ́n ti gbà káwọn ọmọ yunifásítì máa gba owó lórí orúkọ wọn, láti oṣù keje 2025 ilé ìwé alára lè san fún wọn. Kó wádìí ohun tó wà níbi tó wà.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ pé mo kí wọn. Ọmọ ẹni ò ní burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ọmọ yìí ò sì burú, kò jalè, kò mugbó, ó kàn fẹ́ràn ohun kan ju ara ẹ̀ lọ ni. Tí wọ́n bá ní kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìwé ló máa fi gbẹ̀san. Kí wọ́n ní kó di injiníà ẹ̀ mú, kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ, kí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n lọ jókòó wò ó. Wọ́n á rí i fúnra wọn bóyá ó mọ̀ ọ́n gbá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni mo wà, ọmọ ọdún 19 ni mí, mo ga, mo yára, básíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń gbá. Ẹnìkan lórí WhatsApp ní òun lè gbé mi lọ yunifásítì Amẹ́ríkà láti lọ gbá bọ́ọ̀lù wọn, ₦850,000 ló fẹ́ gbà fún fọ́ọ̀mù. Ṣé kí n san án?
Ẹsẹ̀ Yíyára, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má san án. Kóòṣì yunifásítì tó bá fẹ́ ọ á kọ̀wé sí ọ láti íméèlì ilé ìwé, á béèrè fídíò ẹ àti èsì WAEC ẹ, kì í béèrè owó fọ́ọ̀mù lórí WhatsApp. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò gbá a rí lè dé ibẹ̀ o. Jordan Mailata wá láti Austrélíà, rugby ló ń gbá, International Player Pathway, ètò tí NFL dá sílẹ̀ ní 2017 fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ló gbà wọlé, ẹgbẹ́ Eagles mú un ní yípo keje draft, ìyẹn ìgbà táwọn ẹgbẹ́ NFL ń mú ọmọ, ní 2018, ó sì gba Super Bowl, ife àṣekágbá NFL, pẹ̀lú wọn ní oṣù kejì 2025. Osi Umenyiora tó gba Super Bowl méjì pẹ̀lú Giants náà ń wá ọmọ kiri nílẹ̀ Áfíríkà. Ojú ìwé NFL gangan ni kó o ti wá ìkéde wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n máa ń mú fún Pathway lọ́dún kan láti gbogbo ayé, torí náà máa gbá básíkẹ́ẹ̀tì ẹ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti gba sikọ́láṣíìpù lórí ẹ̀. Ya fídíò ara ẹ níbi tó o ti ń sáré yáàdì 40, kí aago hàn nínú ẹ̀, kó o tọ́jú ẹ̀. Tí ọkùnrin WhatsApp yẹn bá tún pè, bi í pé kí ni orúkọ kóòṣì, kó o wá orúkọ náà fúnra ẹ lórí ìkànnì ilé ìwé, kó o pe nọ́ńbà tó o bá rí níbẹ̀.