Aṣọ Wo Ni Kí N Dì Lọ sí London Nínú Oṣù Kẹrin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham, ní London, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, mo sì ti gba físà láti lọ bá a wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin ni mo máa gbéra, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo sì máa lò. N kò dé òkè òkun rí. Ọmọ mi ní òtútù ti tán, kí n má wulẹ̀ ru ẹrù aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ síbẹ̀ ní irú àkókò yìí rí ní òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, kí n ra kóòtù tó nípọn jù lọ tí mo bá rí. Àpótí kan ṣoṣo, kílò 23, ni wọ́n gbà mí láyè láti gbé, èlùbọ́, gààrí àti aṣọ ọmọ sì ti gba ìdajì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀ lé?
— Ìyá Àgbà, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ìyá wa. A ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, òótọ́ náà sì ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Ní oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán ní London sábà máa ń tó nǹkan bí 15 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ti òru sì máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 6. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìgbà òtútù kọjá, bíi ti ọmọ yín, yóò ní ara ti tu òun. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, níbi tí òru oṣù Kẹrin kì í ti í wálẹ̀ tó 20, yóò máa gbọ̀n. Ohun tí àwọn méjèèjì kò sọ fún yín ni pé ojú ọjọ́ ìgbà ìrúwé níbẹ̀ kì í dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá bọ̀ máa ń gbé òtútù wá, èyí tó ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ máa ń gbé òjò, èyí tó ń ti gúúsù bọ̀ a sì máa gbé ooru. Ojú ọ̀nà gbogbo wọn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ọ̀kan sì lè gba ipò lọ́wọ́ èkejì kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2008, òjò dídì rọ̀ ní London. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ooru tó 29.1 ní ọgbà St James's Park ní ìlú kan náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo aṣọ tí ẹ bá máa dì jẹ́ èyí tí ẹ lè wọ̀ lé òmíràn, tí ẹ sì lè bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ni ara wa ń mú gbóná, òun ló sì ń dá ooru dúró sí wa lára. Ìdí nìyí tí aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta fi sábà máa ń wúlò ju kóòtù nípọn kan lọ. Bí ẹ bá wọ kóòtù ńlá yẹn wọ inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, òógùn yóò bò yín. Bí ẹ bá sì bọ́ ọ, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju bùbá lọ, òtútù yóò mú yín bí ẹ bá ti jáde.

Èyí tó máa sún mọ́ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ rà: síńgílẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn méjì tàbí mẹ́ta, àti ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ara, tí ẹ lè fi ìró bò tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Aṣọ òwú máa ń fa òógùn àti òjò mu, kì í sì í tètè gbẹ, nítorí náà èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí pọliẹ́sítà ṣe ló dára jù. Lórí rẹ̀ ni ẹ̀wù òtútù onírun àgùntàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì níwájú, nítorí èyí tí a ń ti orí wọ̀ yóò máa ba gèlè yín jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ. Lókè pátápátá ni jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ tí òjò àti afẹ́fẹ́ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, tó ní ìbòrí lẹ́yìn ọrùn. Ẹ wọ bùbá lọ dán an wò níbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, torí pé apá bùbá fẹ̀, ó sì máa ń ká jọ sínú apá jákẹ́ẹ̀tì tó bá há. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun; òkìríká tó dára wà lọ́jà, bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún oòrùn ibẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, mo rí i tó ń ràn yòò lójú fèrèsé, mo sì jáde nínú bùbá léèsì àti ìborùn fẹ́lẹ́. Kí n tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, yìnyín ti ń bọ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú ihò léèsì náà wọlé bí ẹni pé n kò wọ aṣọ. Ìrọ̀lẹ́ náà ń tan ènìyàn: ní àárín oṣù Kẹrin, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ, ṣùgbọ́n òtútù ti máa ń dé ṣáájú rẹ̀.

Léèsì kan péré ti tó yín, ìyẹn fún ìsọmọlórúkọ. Aṣọ òkè máa ń mú ara gbóná, àmọ́ ó wúwo. Ẹ mú ìborùn rẹ̀ nìkan dání, yóò wúlò fún yín nínú ọkọ̀ òfurufú àti nínú ilé, nítorí owó tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń jẹ níbẹ̀ kò kéré, àwọn ọmọ wa a sì máa pa ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n bá lè pa á. Ẹ ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ń yọ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ ìrìn àjò, bàtà náà, ẹ̀wù òtútù àti jákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, torí pé ohun tó wà lára yín kì í wọ inú kílò 23.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ìgbéyàwó ní Manchester nínú oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo máa lò, báàgì ọwọ́ nìkan ni mo sì fẹ́ gbé. Ṣé mo lè wọ agbádá lọ láti ilé?
— Ọmọ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Má ṣe wọ̀ ọ́ láti ilé. Òjò Manchester pọ̀ ju ti London lọ, kò sì sí jákẹ́ẹ̀tì tó máa gba agbádá sínú. Bùbá àti ṣòkòtò ni kí o wọ̀, kí síńgílẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn wà lábẹ́ wọn, kí jákẹ́ẹ̀tì òjò sì wà lórí. Ká agbádá náà sínú ọ̀rá, kí o sì gbé e wọ̀ bí o bá dé gbọ̀ngán. Bó bá jẹ́ àdìrẹ aláró tuntun ni, ti ilé fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má bàa ràn mọ́ aṣọ funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá pa ọ́.